Ọwọ́ Òkú, Gíga Alààyè

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1935, obìnrin kan ń gba atẹ́gùn lórí afárá kan nítòsí ìlú Moffat ní Scotland. Ó bojú wo odò tó ń ṣàn nísàlẹ̀, ó sì rí ìdì kan tí apá èèyàn yọ jáde nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá fi máa ṣa gbogbo ìdì tó wà níbẹ̀ tán, òkú tó délẹ̀ ti di méjì: obìnrin méjì tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n dà pọ̀ mọ́ra, tí wọ́n sì fi ìwé ìròyìn àti aṣọ wé. Ọ̀daràn tó ṣe iṣẹ́ náà mọ ohun tó ń ṣe. Ó ti yọ ojú, ó ti gé etí àti imú, ó sì ti ké orí ìka ọ̀kan nínú wọn kúrò. Dókítà ni. Buck Ruxton ni wọ́n ń pè é, ará Lancaster ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó pa ìyàwó rẹ̀ Isabella àti Mary Rogerson, ọmọbìnrin tó ń bá wọn tọ́jú àwọn ọmọ.

Orí ìka Mary kò bá ti Isabella lọ. Awọ ọwọ́ rẹ̀ ti ń bó, síbẹ̀ àwọn ọlọ́pàá rí ìtẹ̀ka gbà lára rẹ̀, ó sì bá èyí tó wà lára àwọn nǹkan inú ilé dókítà náà mu. Àmọ́ iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ti ní láti kọ́kọ́ ṣe kí ọ̀rọ̀ ìtẹ̀ka tó wáyé rárá: apá wo ni ti ta, itan wo ni ti ta? John Glaister ti Yunifásítì Glasgow àti James Brash ti Yunifásítì Edinburgh to egungun náà pọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wọ̀n wọ́n, wọ́n sì ṣírò gíga ẹni tó ni wọ́n. Obìnrin kan kúrú, èkejì ga jù ú lọ dáadáa, bẹ́ẹ̀ gan-an ni Mary àti Isabella rí nígbà ayé wọn. Wọ́n yẹgi fún Ruxton ní ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún ọdún 1936.

Ẹjọ́ yìí ni mo fi ṣáájú torí pé ó fi ipò tí gíga wà nínú irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ hàn kedere. Gíga kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ìtẹ̀ka ló dárúkọ Mary. Ṣùgbọ́n gíga ló ya òkú kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, tí àwọn tó ń wádìí fi mọ ẹni tí wọ́n máa wá ìtẹ̀ka rẹ̀ lọ sílé.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń rí itan àti ojúgun tó pé. Lẹ́yìn ìbúgbàmù, lẹ́yìn ìjàm̀bá ọkọ̀ òfúrufú, tàbí níbi tí ẹranko bá ti dé ibi òkú ṣáájú èèyàn, ó lè jẹ́ ọwọ́ kan ṣoṣo ló kù. Bí awọ orí ìka bá ṣì wà, tí ẹni náà sì ti tẹ̀ka sí ibì kan rí, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bí awọ bá ti jẹrà tàbí tó ti jóná ńkọ́? Ohun tó kù nígbà náà ni bí ọwọ́ náà ṣe tóbi tó, ìbéèrè tí ọlọ́pàá sì máa bi dókítà mọ́ṣúárì kò ju ọ̀kan lọ: báwo ni ẹni tó ni ọwọ́ yìí ṣe ga tó?

Wíwọn rẹ̀ ní ìlànà. Wọ́n á tẹ́ ọwọ́ náà sílẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ á kọjú sókè, àwọn ìka á nà gbọọrọ. Láti ìlà ọrùn ọwọ́ tó sún mọ́ àtẹ́lẹwọ́ jù ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, orí ìka àárín ni wọ́n ń parí sí. Èékánná kò sí nínú rẹ̀. Kálípà, irin ìdiwọ̀n ẹlẹ́nu méjì, ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́. Téèpù télọ̀ kò dára fún un, torí ó máa ń tẹ̀ lé gegele àti kòtò ara. Wọ́n tún ń wọn ìbú ọwọ́, láti ìdí ìka ìfábẹ̀lá dé ìdí ìka tó kéré jù, ṣùgbọ́n ìbú kò ṣe é gbára lé tó gígùn. Àgbẹ̀ tó ti fi ogún ọdún di ọkọ́ mú, ọwọ́ rẹ̀ á fẹ̀ ju ti akọ̀wé tí wọ́n jọ ga bákan náà lọ, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ oko kò fi kún gígùn egungun rẹ̀. Ìdí tí ọ̀pọ̀ olùwádìí fi ń mú ọwọ́ òsì nìyẹn, torí òun ni kì í sábà jìyà iṣẹ́.

Kí ló mú kí ọwọ́ mọ̀ nípa gíga? Nígbà èwe, ibì kan wà nítòsí orí egungun tó rọ̀, tí egungun tuntun ti ń jáde. Bó ṣe wà nínú egungun itan ló wà nínú egungun ìka. Èròjà ìdàgbàsókè kan náà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri ló ń bọ́ wọn, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ, àìsàn kan náà ló ń dá wọn dúró. Lẹ́yìn ìbàlágà, ibi rírọ̀ náà á dí pa, egungun ò sì ní gùn mọ́. Nítorí náà ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ọwọ́ rẹ̀ sábà máa ń gùn. Mo ní ó sábà, n kò ní ó gbọ́dọ̀. Gbogbo wa la mọ ọ̀gbẹ́ni kúkúrú tí ọwọ́ rẹ̀ lè gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ mú bí ẹni mú ọsàn.

Vitruvius, ayàwòrán ilé ará Róòmù tó kọ̀wé ṣáájú ìbí Jésù, sọ pé ọwọ́ láti ọrùn rẹ̀ dé orí ìka àárín jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá gíga èèyàn. Kò jìnnà sí òótọ́, àmọ́ mọ́ṣúárì kò lè fi ìlọ́po mẹ́wàá ṣiṣẹ́. Ìdá yẹn máa ń yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn, ìyàtọ̀ mìlímítà mélòó kan lára ọwọ́ sì máa ń di sẹ̀ǹtímítà púpọ̀ nígbà tí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá.

Francis Galton ló kọ́kọ́ wá ọ̀nà láti fi nọ́ńbà sọ bí ẹ̀yà ara kan ṣe ń bá èkejì rìn. Ó ní yàrá ìwọnra kan ní South Kensington ní London. Nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1888, ó mú ọkùnrin bíi 350, ó wo gíga wọn, ìka àárín ọwọ́ òsì wọn, àti ìgbọ̀nwọ́ wọn, ìyẹn láti ìgúnpá dé orí ìka. Bí nǹkan méjì bá ń bára wọn rìn láìyà rárá, iye tó ń fún wọn ni 1. Bí wọn ò bá mọ ara wọn rí, òdo ni. Gíga àti ìgbọ̀nwọ́ gba 0.8. Gíga àti ìka àárín gba 0.7. Iṣẹ́ gidi nìyẹn, orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìṣirò tí ayé ń lò lónìí dúró lé. Ó dunni pé Galton yìí kan náà ló tún dá ẹ̀kọ́ burúkú sílẹ̀ pé kí wọ́n máa ṣa ẹni tó yẹ kó bímọ àti ẹni tí kò yẹ.

Ìtàn ìka àárín kò tíì tán. Ní Paris, Alphonse Bertillon ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn àwọn ọ̀daràn fún ọlọ́pàá ní àwọn ọdún 1880, ibi mọ́kànlá lára ẹni kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè dá ẹni tó bá yí orúkọ padà mọ̀. Ìka àárín ọwọ́ òsì wà lára wọn. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà gbà á lò fún ọdún díẹ̀, kí ìtẹ̀ka tó gba ipò rẹ̀, báyìí ni Scotland Yard ṣe ní ìwọ̀n gíga àti ìka àárín ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ẹlẹ́wọ̀n nílẹ̀. W. R. Macdonell tẹ ìwọ̀n náà jáde ní ọdún 1902. Ní ọdún 1908, ọ̀gbẹ́ni William Sealy Gosset, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ọtí Guinness ní Dublin, ń wá bí èèyàn ṣe lè fi àyẹ̀wò kékeré sọ ohun tó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé. Ó kọ ìwọ̀n àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà sórí páálí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, ó pò wọ́n pọ̀ bí ẹni ń po káàdì, ó sì ń mú wọn ní mẹ́rin mẹ́rin láti fi dán ìṣirò rẹ̀ wò. Guinness kò gbà kó fi orúkọ ara rẹ̀ tẹ̀wé, ló fi pe ara rẹ̀ ní Student. Bí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan bá ń ráhùn ní Ìbàdàn tàbí ní Ifẹ̀ lórí ìdánwò t, tó jáde látinú ìṣirò Student yìí, ẹ sọ fún un pé ìka ẹlẹ́wọ̀n àti ilé iṣẹ́ ọtí dúdú tó mọ̀ dáadáa ló dá a sílẹ̀.

Lónìí, ohun tí olùwádìí ń ṣe ni pé yóò kó ọ̀pọ̀ alààyè jọ, yóò wọn ọwọ́ àti gíga wọn, yóò sì wá ìlà ìṣirò tó bá gbogbo wọn mu jù lọ. Ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Iye tí mo fẹ́ lò yìí, mo kàn fi ń ṣàlàyé ni, kì í ṣe ti ìlú kankan. Ká ní ìlà náà sọ pé kí a sọ gígùn ọwọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, kí a sì fi 95 kún un. Ọwọ́ tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 19 á fún wa ní 76, pẹ̀lú 95, ó di 171. Inú ọlọ́pàá á dùn, á ní ọkùnrin tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 171 là ń wá. Rárá o. Gbogbo ìlà bẹ́ẹ̀ ló ní àlàfo àṣìṣe tirẹ̀, ti ọwọ́ sì sábà máa ń tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin sí mẹ́fà. Bí a bá fi márùn-ún ṣe é, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn tó ni irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ á wà láàárín 166 sí 176. Bí a bá fẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀ tó ohun tí ilé ẹjọ́ ń fẹ́, àfi ká sọ àlàfo náà di ìlọ́po méjì: 161 sí 181. Ìyẹn ni láti ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íǹṣì mẹ́ta títí dé ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún àti íǹṣì mọ́kànlá. Ẹ dúró sí ibùdókọ̀ Ojúẹlẹ́gba lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wá ọkùnrin tí kò sí nínú ìyẹn. Ẹ máa rí, àmọ́ wọn ò ní pọ̀.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè ní kí wá ni èrè rẹ̀. Èrè rẹ̀ ni yíyọ orúkọ kúrò. Bí èèyàn mẹ́wàá bá sọnù ládùúgbò kan, tí mẹ́ta nínú wọn sì kúrú ju ohun tí ọwọ́ náà gbà láàyè lọ, ẹbí mẹ́ta ni wọn ò ní pè wá wo ohun tí kò yẹ kí ojú wọn rí. Mo ka ìyẹn sí àánú ńlá. Dókítà tó bá wá jókòó níwájú adájọ́, tó ní ọwọ́ yìí sọ fún òun pé lágbájá ló ni ín, irọ́ ló ń pa, ó yẹ kí agbẹjọ́rò gbọn ọ̀rọ̀ ọ̀hún yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́.

Ìṣòro ń bẹ lára òkú fúnra rẹ̀. Ọwọ́ tó pẹ́ nínú omi máa ń wú, awọ rẹ̀ á sì hunjọ. Iná máa ń ká ìka kò bí ẹni fẹ́ ja ẹ̀ṣẹ́, egungun tó bá jóná dáadáa sì ń sún kì. Ọwọ́ tó ti gan kò ṣe é nà láìfagbára mú un. Níbi tí ẹran ara ti kúrò, egungun ni wọ́n ń padà sí: àwọn egungun márùn-ún inú àtẹ́lẹwọ́ ní ìṣirò tiwọn, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1978 àti òmíràn ní ọdún 1992. Ara alààyè pàápàá kì í dúró sójú kan. Èèyàn máa ń ga ní òwúrọ̀ ju ìrọ̀lẹ́ lọ ní bíi sẹ̀ǹtímítà kan, torí àwọn ohun rírọ̀ tó wà láàárín egungun ẹ̀yìn máa ń fún pọ̀ bí a ṣe ń rìn, tí a ń jókòó. Ọjọ́ ogbó tún ń mú tirẹ̀ kúrò nínú gíga, ṣùgbọ́n gígùn egungun ìka kò dín. Ọwọ́ bàbá ẹni àádọ́rin ọdún á máa sọ bó ṣe ga nígbà tó wà ní ọ̀dọ́, kò ní sọ bó ṣe tẹ̀ lónìí. Ti ọmọdé tún le jù: ìṣirò àgbàlagbà kò bá a mu rárá, torí kò tíì dàgbà tán.

Ẹni tí ìtàn rẹ̀ wù mí jù nínú iṣẹ́ yìí ni Mildred Trotter. Olùkọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀yà ara ni ní Yunifásítì Washington ní St. Louis. Ní ọdún 1948 ó lọ sí Hawaii láti bá ìjọba Amẹ́ríkà dá òkú àwọn ọmọ ogun tó kú ní agbègbè òkun Pàsífíìkì mọ̀. Ohun tó rí níbẹ̀ kò wọ́pọ̀ láyé: egungun wà níwájú rẹ̀, gíga ẹni tó ni egungun náà sì wà nínú ìwé, torí ológun ti wọ̀n ọ́ lọ́jọ́ tó wọṣẹ́. Òun àti Goldine Gleser fi èyí ṣe ìṣirò tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1952, gbogbo ayé sì ń lò ó. Ó tó ogójì ọdún kí Richard Jantz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó rí i pé Trotter ti wọn egungun ojúgun láìka kókó tó yọ ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn ẹsẹ̀. Ẹni tó bá wọn ojúgun rẹ̀ pé pérépéré, tó wá fi í sínú ìṣirò Trotter, á sọ òkú di ẹni tó fi bíi sẹ̀ǹtímítà méjì sí mẹ́ta ga ju bó ṣe rí lọ. Kókó egungun kan péré! Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí egungun ńlá bí ojúgun, ẹ wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀ sí ọwọ́, níbi tí ẹnì kan ti lè bẹ̀rẹ̀ láti ìlà ọrùn ọwọ́ kan, kí ẹnì kejì bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kejì.

Trotter náà ló jẹ́ kó yé àwọn èèyàn pé ìlà kan kò lè sin gbogbo ayé. Ó ya ìṣirò àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà sọ́tọ̀ sí ti àwọn aláwọ̀ funfun, ó ya ti obìnrin sọ́tọ̀ sí ti ọkùnrin, nítorí bí ẹsẹ̀ àti ọwọ́ ṣe gùn sí ara kò rí bákan náà. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti ń wọn àwọn èèyàn tiwọn. Ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ yìí jinlẹ̀ gan-an, Kewal Krishan àti Abhilasha Sharma tẹ ìwádìí kan jáde ní ọdún 2007 lórí ọ̀dọ́ 246 ní àríwá orílẹ̀-èdè náà. Gígùn ẹsẹ̀ ló bá gíga rìn jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n wọ̀n. Ọwọ́ ló tẹ̀ lé e. Nàìjíríà náà kò gbẹ́yìn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀yà ara ní Zaria ti tẹ ìwọ̀n ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà jáde láti ọdún 2008, nígbà tó sì di ọdún 2013 ìwádìí kan jáde tó fi ọwọ́ àwọn Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá wéra. Ó kàn jẹ́ pé nínú irú ìwádìí wọ̀nyí, níbi gbogbo láyé, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni wọ́n sábà ń wọ̀n, torí àwọn ló wà nítòsí. Àgbẹ̀, alápatà, ìyá tó ń tajà ní Bódìjà, àwọn wọ̀nyí kì í pọ̀ nínú ìwé náà.

Níbi tí mo ń bá ọ̀rọ̀ yìí bọ̀ ni pé ìdajì iṣẹ́ ni ìṣirò jẹ́. Ìdajì kejì wà lọ́dọ̀ alààyè. Àwọn òkú tí Trotter yẹ̀ wò dáhùn torí pé ẹnì kan ti kọ gíga wọn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń mí. Ní ọ̀dọ̀ wa ńkọ́? Àyè gíga wà lórí láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ Nàìjíríà. Ẹ bi àwọn tó gbà á léèrè bí wọ́n ṣe rí nọ́ńbà náà. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ẹnu lásán ni wọ́n fi sọ ọ́, òṣìṣẹ́ sì kọ ohun tó gbọ́. Ọkùnrin sì fẹ́ràn láti bu íǹṣì kan tàbí méjì kún tirẹ̀.

Níbi tí gíga kò bá ti lè ranni lọ́wọ́, DNA ni à ń yíjú sí. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà ọdún 2012, ọkọ̀ òfúrufú Dana já lulẹ̀ ní Ìjù-Ìṣàgà l'Ékòó. Gbogbo èèyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ ló kú, pẹ̀lú àwọn kan tó wà nílẹ̀. Iná ti ba ọ̀pọ̀ òkú jẹ́, ìjọba ní láti kó èròjà DNA lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ẹbí sì jókòó tì í, wọ́n ń dúró. Ìjọba Èkó ṣí ilé àyẹ̀wò DNA tirẹ̀ ní ọdún 2017. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, nígbà rògbòdìyàn EndSARS, wọ́n bà á jẹ́. Àwọn tó ba ilé náà jẹ́ kò mọ̀ pé òkú ẹlòmíràn, bóyá ti ará ilé tiwọn, ni wọ́n ń sọ di aláìlórúkọ.

Nínú ọ̀rọ̀ òkú aláìlórúkọ yìí, a tún ní láti rántí Adam. Ọlọ́pàá London ló sọ ọ́ ní orúkọ yẹn, ọmọkùnrin dúdú tí wọ́n rí nínú odò Thames ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, láìní orí, láìní apá, láìní ẹsẹ̀. Ẹni tó pa á kò fi ọwọ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni láti wọ̀n. Àwọn onímọ̀ wá yẹ èròjà tó ti inú ilẹ̀ bọ́ sínú oúnjẹ, tó sì ti inú oúnjẹ bọ́ sínú egungun rẹ̀, ó sì darí wọn sí agbègbè tó wà láàárín Ìbàdàn àti Benin. Ọmọ ọ̀dọ̀ wa ni, tàbí ti aládùúgbò wa. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ gan-an kò tíì fìdí múlẹ̀.

Ní ọdún 2019, àjọ Red Cross àgbáyé sọ pé iye èèyàn tí orúkọ wọn wà lọ́wọ́ òun pé wọ́n sọnù ní Nàìjíríà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 22,000, ọ̀pọ̀ jù lọ nítorí ogun àríwá ìlà oòrùn, àti pé nǹkan bí ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló jẹ́ ọmọdé nígbà tí wọ́n sọnù. Fún àwọn ọmọ yẹn, ìṣirò ọwọ́ àgbàlagbà kò ní ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìwé ìlera ọmọ tí ìyá fi pamọ́, ibi tí nọ́ọ̀sì ti kọ gíga àti ọjọ́ sí, lè ṣiṣẹ́ jù ú lọ.

Bí ẹ bá lọ fẹjọ́ ẹni tó sọnù sùn ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ má sọ pé ó ga díẹ̀. Ẹ mú fọ́tò tó ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlòmíràn tí ẹ lè wọ̀n dání, ẹ mú bàtà rẹ̀ kan, ẹ sì mú nǹkan tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń kàn nílé tí ẹnikẹ́ni kò tíì nù. Lónìí tí ara ṣì le, ẹ dúró ti ògiri láìwọ bàtà, kí ẹnì kan fi pẹ́ńsù sàmì sí i, kí ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́ ní sẹ̀ǹtímítà, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́. Ẹ ṣe ti àwọn ọmọ náà, kí ẹ sì máa tún un ṣe lọ́dọọdún títí wọn yóò fi dàgbà tán.